Ìmúrasílẹ̀ fún Ọjọ́ Alẹ́: Ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù lórí Dídàgbà Pẹ̀lú Ààbò Nínú Ilé Ẹni

Ìfáárà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ọmọ ènìyàn láti inú àìlera, tí Ó fún un ní agbára, tí Ó sì tún dá a padà sínú àìlera pẹ̀lú ewú orí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo àwọn tí wọ́n tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Àdúà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu Mùsùlùmí níbi ìsọmọlórúkọ, níbi yìgì àti níbi wòlíìmọ̀ ni àdúà ẹ̀mí gígùn. Àlùfáà a ṣe é, ìjọ a sì fi ohùn kan ṣe àmín. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń ro ohun tí àmín náà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tí ó tọrọ ẹ̀mí gígùn ti tọrọ orúnkún tí yóò máa ro ó, ojú tí yóò máa ṣú díẹ̀díẹ̀, etí tí yóò wúwo, àti ọjọ́ tí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ yóò ga jù ú lọ. Bí ó bá jẹ́ pé irú ọjọ́ wọ̀nyí ni ó ń tọrọ, ó tọ́ kí ó múra dè wọ́n.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà. Ìyá oníṣòwò kan lè fi ogójì ọdún ta aṣọ, kí ó fi èrè rẹ̀ tọ́ ọmọ márùn-ún, kí ó lọ sí Mẹ́kà, kí ó sì kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Yàrá rẹ̀ wà lókè, ilé ìwẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé nísàlẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan tí kò sí iná, ó dìde láti ṣe àlùwàlá fún ìrun àsùbáà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí omi ọṣẹ, egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Láti ọjọ́ náà kò tún dé yàrá ara rẹ̀ mọ́. Ọmọ kan gbé e lọ sí Èkó, òmíràn gbé e lọ sí Àbújá, ilé tí ó fi òógùn kọ́ sì di ilé àgádágodo. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ kò fẹ́ràn rẹ̀. Kì í ṣe pé owó kò sí. Ohun tí kò sí ni ìmúrasílẹ̀. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n, láti Ìlọrin dé Kánò, láti Kùmásí dé Àbíjáǹ, níbi gbogbo tí Mùsùlùmí tí ń sọ Yorùbá ti ń ṣòwò.

Àpilẹ̀kọ yìí ń ṣe àlàyé pé ìmúrasílẹ̀ fún ogbó jẹ́ ara ẹ̀sìn, pé kò tako ìgbáralé Ọlọ́hun, kò sì gba ẹ̀tọ́ òbí kúrò lọ́rùn ọmọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò wo ilé, ìjẹ-ìmu, àkọsílẹ̀ àti ojúṣe ìjọ.

Ogbó jẹ́ àmì Ọlọ́hun

Al-Kùránì kò fi ọ̀rọ̀ ogbó pamọ́. Nínú Súrà Rúmù, áyà 54, Ọlọ́hun ka ìpele mẹ́ta tí ènìyàn ń gbà kọjá: àìlera, agbára, àti àìlera mìíràn. Nínú Súrà Yásín, áyà 68, Ó sọ pé ẹni tí Òun bá fún ní ẹ̀mí gígùn, Òun yóò dá ẹ̀dá rẹ̀ padà sẹ́yìn. Nínú Súrà Náhlì, áyà 70, Ó mẹ́nu ba àwọn tí a óò dá padà sí ọjọ́ orí tí ó lẹ jù lọ, débi pé wọn kò ní mọ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn ìmọ̀. Àwọn Ànábì pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Nínú Súrà Máríyámù, áyà 4, Ànábì Zakariyyā sọ fún Olúwa rẹ̀ pé egungun òun ti di aláìlágbára, orí òun sì ti kún fún ewú.

Usāmah ọmọ Sharīk gba hádíìsì kan wá, èyí tí Abū Dāwūd àti Tirmidhī kọ sílẹ̀, pé Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rọ àwọn ènìyàn kí wọ́n máa tọ́jú ara wọn, nítorí kò sí àrùn tí Ọlọ́hun kò sọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀, àyàfi ẹyọ kan ṣoṣo, èyíinì ni ogbó. Síbẹ̀, Ànábì yìí kan náà, gẹ́gẹ́ bí Bukhārī ti gbà á wá, a máa wá ìṣọ́ra lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́hun kúrò níbi kí a dá òun padà sí ọjọ́ orí tí ó lẹ jù lọ. Ẹ̀kọ́ méjì ni èyí kọ́ni. Èkíní, kò sí ẹni tí yóò dá ogbó dúró, nítorí náà kò yẹ kí ó ti ẹnikẹ́ni lójú. Èkejì, ìnira tí ń bá ogbó rìn jẹ́ ohun tí a lè tọrọ ààbò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ènìyàn bá sì ń tọrọ ààbò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ kí ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣọ́ra fún un pẹ̀lú.

Ṣé ìmúrasílẹ̀ tako ìgbáralé Ọlọ́hun?

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tí ó ń ṣètò ọjọ́ ogbó rẹ̀ kò gbára lé Ọlọ́hun tó, pé Ọba tí Ó là ènìyàn ẹnu kò ní ṣàì fún un ní oúnjẹ. Òtítọ́ ni pé Ọlọ́hun ni Olùpèsè. Ṣùgbọ́n nígbà tí arákùnrin kan béèrè lọ́wọ́ Ànábì bóyá kí òun so ràkúnmí òun kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun, tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun gbára lé E, ìdáhùn Ànábì, gẹ́gẹ́ bí Tirmidhī ti gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Anas, ni pé kí ó so ó, kí ó sì gbára lé Ọlọ́hun. Okùn kò ba ìgbáralé jẹ́.

Nínú Súrà Yúsúfù, áyà 47 sí 49, Ànábì Yúsúfù kò sọ fún ọba Íjíbítì pé kí ó kàn máa ṣàdúà. Ó ṣètò: kí wọ́n gbin nǹkan fún ọdún 7, kí wọ́n fi ọkà sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀ kí ó má baà bàjẹ́, kí wọ́n jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ìyókù sì gbé wọn la ọdún 7 tí ó le kọjá. Ọdún ọ̀dá dà bí ọdún ogbó. Ẹni tí kò fi ọkà sílẹ̀ nínú ṣírí nígbà òjò kò ní rí i mú nígbà ọ̀dá.

Hákímù gba ọ̀rọ̀ Ànábì wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbās pé kí Mùsùlùmí lo nǹkan 5 kí nǹkan 5 tó dé: ìgbà èwe kí ogbó tó dé, ìlera kí àìsàn tó dé, ọrọ̀ kí òṣì tó dé, àkókò ìráyè kí ìdíwọ́ tó dé, àti ìgbésí ayé kí ikú tó dé. Ó yẹ ní àkíyèsí pé ogbó ni ó ṣáájú nínú àwọn tí a kìlọ̀ nípa wọn. Àwọn àgbà Yorùbá náà sọ pé igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Bí òkété bá dàgbà

Ọ̀rọ̀ tí ó tún máa ń dẹ́kun ìmúrasílẹ̀ ni pé ọmọ ni ètò ọjọ́ alẹ́. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ẹ̀sìn kò tako èyí. Nínú Súrà Ísírá, áyà 23 àti 24, Ọlọ́hun fi ṣíṣe dáadáa sí òbí tẹ̀lé ìjọsìn Rẹ̀ ní tààrà, Ó sì dárúkọ ìgbà ogbó ní pàtó, pé kí ọmọ má ṣe ṣíọ̀ sí òbí, kí ó má ṣe jágbe mọ́ wọn. Ọmọ tí ó bá pa òbí rẹ̀ tì nítorí pé òbí náà ti ṣètò ara rẹ̀ ti rú òfin Ọlọ́hun.

Ṣùgbọ́n àṣẹ tí a pa fún ọmọ kò mú àṣẹ tí a pa fún òbí kúrò. Nígbà tí Saʿd ọmọ Abū Waqqās fẹ́ fi gbogbo dúkìá rẹ̀ tọrẹ, Ànábì dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta, ó sì ṣàlàyé pé fífi àwọn ajogún sílẹ̀ pẹ̀lú ohun ìní dára ju fífi wọ́n sílẹ̀ ní aláìní tí yóò máa tọrọ lọ. Bukhārī àti Muslim ni wọ́n gbà á wá. Bí ó bá jẹ́ pé a kò fẹ́ kí ọmọ di alágbe lẹ́yìn òbí, a jẹ́ pé kò yẹ kí òbí mọ̀ọ́mọ̀ di alágbe lọ́dọ̀ ọmọ.

Òkété pàápàá, kí ó tó máa mu ọmú ọmọ rẹ̀, ó ti gbẹ́ ihò tí àwọn méjèèjì ń gbé. Ọmọ òde òní sì lè wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, kí ó máa fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù, síbẹ̀ owó kò lè di èèyàn mú kí ó má ṣubú ní òru. Ìrántí kan tún wà nínú ìtàn Yorùbá tí ó wà lẹ́yìn odi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọjọ́ 14 tàbí kí ó kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá, tí Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn, fi ilé àti ọjà sílẹ̀ lójijì. Ẹni tí ó ti ní òrùlé sí ìlú rẹ̀ ní ibi tí yóò gbé orí lé. Ẹni tí kò ní, ìyẹ̀wù ará ni ó sùn sí. Ogbó náà a máa pàṣẹ lójijì bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ láti ilé bàbá arúgbó ní Mádíyánà

Súrà Kásásì, áyà 23 sí 28, sọ ìtàn bàbá arúgbó kan tí ó dàgbà sínú ilé ara rẹ̀. Àwọn onítumọ̀ Al-Kùránì kò fi ẹnu kò lórí bóyá Ànábì Shuʿayb ni tàbí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ètò ilé rẹ̀ hàn kedere. Nígbà tí Ànábì Músá dé ibi omi Mádíyánà, ó rí obìnrin méjì tí wọ́n dá ẹran wọn dúró sẹ́yìn. Ó bi wọ́n léèrè, wọ́n sì sọ pé àwọn kò lè fún ẹran lómi títí àwọn darandaran yóò fi lọ, àti pé bàbá àwọn ti darúgbó gidi.

Bàbá náà mọ ìwọ̀n ara rẹ̀: kò fi agídí lọ sí ibi omi. Àwọn ọmọ gba iṣẹ́ náà ṣe láìsí ìráhùn. Nígbà tí iṣẹ́ sì pọ̀ ju agbára àwọn ọmọ lọ, ọ̀kan nínú wọn dá a lábàá pé kí bàbá gba òṣìṣẹ́, ó sì sọ ìwà méjì tí òṣìṣẹ́ rere gbọ́dọ̀ ní: agbára àti ìfọkàntán. Bàbá kò bínú pé ọmọ fẹ́ gbé iṣẹ́ lé àjèjì lọ́wọ́. Ó pe Músá, ó gbé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n dá ọdún 8, wọ́n sì fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí.

Ìtàn yìí fi hàn pé gbígba olùtọ́jú sínú ilé kì í ṣe àbùkù fún ọmọ. Ohun tí ó jẹ́ àbùkù ni kí a kó ọmọdébìnrin kékeré kúrò ní abúlé àti kúrò ní ilé ìwé, kí a fi í ti arúgbó láìsí owó iṣẹ́, láìsí àdéhùn. Ọmọ náà kò ní agbára láti gbé àgbà tí ó ṣubú, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe. Ànábì sọ pé kí a san owó òṣìṣẹ́ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ, gẹ́gẹ́ bí Ibn Mājah ti gbà á wá. Nítorí náà, ìdílé tí ó bá fẹ́ gba olùtọ́jú gbọ́dọ̀ wo agbára rẹ̀, kí wọ́n wádìí ìwà rẹ̀, kí wọ́n dá iye àti àkókò, kí ọmọ kan sì máa bẹ̀ ẹ́ wò.

Ilé tí ó ní ààbò

Nínú Súrà Náhlì, áyà 80, Ọlọ́hun ka ilé mọ́ àwọn ìdẹ̀ra Rẹ̀, pé Ó ṣe é ní ibi ìfàyàbalẹ̀. Ilé tí ń da àgbà láàmú kò tíì ṣe iṣẹ́ ilé. Ànábì sì kọ́ni ní ọ̀rọ̀ ààbò ilé ní kíkún. Abū Dāwūd gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá pé ẹni tí ó bá sùn sórí òrùlé tí kò ní ìdènà létí, ọwọ́ ààbò ti kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí ilé kan jóná mọ́ àwọn ará inú rẹ̀ lórí ní Mẹdínà lóru, ó sọ pé ọ̀tá ni iná jẹ́ fún ènìyàn, kí a máa pa á kí a tó sùn. Bukhārī àti Muslim gbà á wá.

Láti inú hádíìsì òrùlé yìí ni a ti lè mọ òfin ọwọ́ àtẹ̀gùn àti irin ìdìmú ilé ìwẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìṣubú ń pa ènìyàn bí 684,000 lọ́dọọdún, pé àwọn tí wọ́n ti lé ní 60 ọdún ni ó sì ń pa jù. Ẹni tí ó bá ń kọ́lé ní ọmọ ogójì ọdún, kí ó bi ara rẹ̀ pé, yàrá wo ni òun yóò máa gbé nígbà tí òun bá di ọmọ ọgọ́rin? Kí yàrá kan wà nísàlẹ̀, kí ilé ìyàgbẹ́ àti ilé ìwẹ̀ wà nítòsí rẹ̀. Kí ẹnu ọ̀nà fẹ̀ tó kí kẹ̀kẹ́ aláìsàn lè kọjá. Ilẹ̀ tí ń dán gbinrin wu ojú, ṣùgbọ́n ọ̀tá ẹsẹ̀ tútù ni.

Ẹni tí ó ti kọ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ní ohun tí yóò ṣe, owó rẹ̀ kò sì ju ti aṣọ ẹbí kan lọ. Kí a de irin mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀ àti ẹ̀bá ibùsùn. Kí àpótí tí kò mì wà níbi àlùwàlá, kí àgbà má baà máa gbé ẹsẹ̀ kan sókè lórí ilẹ̀ tútù. Kí iná tí ń lo oòrùn tàbí tọ́ọ̀ṣì wà ní àrọ́wọ́tó ní òru. Kí a ká ẹní àti kápẹ́ẹ̀tì tí ń kọ́ni lẹ́sẹ̀, kí a fi ìdérí sí kànga, kí sílíńdà gáàsì wà níta, kí ẹ̀rọ amúnáwá sì jìnnà sí fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani láì ní òórùn tí yóò kìlọ̀. Súrà Bákárà, áyà 195, kọ̀ fún Mùsùlùmí láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ara rẹ̀ sínú ìparun.

Ìrun kíkí náà ní ìdẹ̀ra. ʿImrān ọmọ Husayn tí ara ń ro gba àṣẹ lọ́dọ̀ Ànábì pé kí ó kírun ní ìdúró; bí kò bá lè ṣe é, kí ó jókòó; bí kò bá tún lè ṣe é, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àgbà tí ó bá ń fi tipátipá dúró títí tí ó fi ṣubú kò gba ẹ̀san ju ẹni tí ó lo ìdẹ̀ra Ọlọ́hun lọ.

Ìjẹ-ìmu ọjọ́ ogbó

Àwọn bàbá ìgbà àtijọ́ gbin kòkó àti obì, ìyá sì ń dá èésú. Ètò ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń ṣe ní ọ̀nà tiwọn. Ní Nàìjíríà, òfin ìfẹ̀yìntì alájọdá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, òfin ọdún 2014 sì rọ́pò rẹ̀. Ó kéré tán, agbanisíṣẹ́ ń dá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, òṣìṣẹ́ sì ń dá ìdá 8. Láti ọdún 2019 ni ètò kékeré ti wà fún oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́ àti àgbẹ̀, láti ọdún 2021 sì ni owó ìfẹ̀yìntì tí kò ní èlé nínú ti wà fún ẹni tí ó bá ń sá fún ríbà. Àwíjàre pé èlé ni ó ń lé Mùsùlùmí sá kò tún lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó lè dá aṣọ fún òde mẹ́wàá lọ́dún, tí ó sì ń lọ sí Mẹ́kà ní ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, kò lè sọ pé òun kò rí ohun tí òun yóò fi pamọ́ fún ọjọ́ ogbó.

Ìṣọ́ra kan tún wà. Lórí Súrà Nísáì, áyà 5, tí ó kọ̀ fún ènìyàn láti kó dúkìá tí Ọlọ́hun fi ṣe ìgbẹ́mìíró lé ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò pé lọ́wọ́, Tabarī gba àlàyé Ibn Abbās wá pé kí ènìyàn má ṣe kó ohun ìgbẹ́mìíró rẹ̀ fún ìyàwó tàbí ọmọ tán, kí ó wá máa wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Òbí tí ó ta ilé tí ó ń gbé láti fi rán ọmọ lọ sí òkè òkun, kí ó ronú sí àlàyé yìí.

Àkọsílẹ̀ nígbà tí làákàyè pé

Ibn Umar gbà á wá lọ́dọ̀ Ànábì pé Mùsùlùmí tí ó ní ohun tí yóò sọ àsọọ́lẹ̀ lé lórí kò gbọdọ̀ sùn fún òru méjì láìjẹ́ pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àsọọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta, kì í sì í ṣe fún ajogún. Kí gbèsè, ẹ̀rí ilé, owó tí ó wà ní báńkì àti ohun ìfipamọ́ wà nínú ìwé kan tí ẹni méjì tí ó ṣeé fọkàn tán mọ̀ sí. Súrà Bákárà, áyà 282, mọ̀ pé ìgbà kan lè dé tí ènìyàn kò ní lè sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí alámòójútó rẹ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú déédéé. Ìgbà tí ọpọlọ pé ni kí àgbà yan alámòójútó náà, kí ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo ọmọ ibi tí òun fẹ́ máa gbé àti irú ìtọ́jú tí òun fẹ́.

Ní ti àwọn tí ń pín ilé fún ọmọ kí wọ́n tó kú, ewu méjì wà níbẹ̀. Ànábì kọ̀ láti jẹ́ ẹlẹ́rìí nígbà tí bàbá Nuʿmān ọmọ Bashīr fẹ́ ta ọmọ kan lọ́rẹ láì ta àwọn yòókù. Bákan náà, nínú mádíhábì Màlíkì tí Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀lé jù, ẹ̀bùn kì í pé títí ẹni tí a ta lọ́rẹ yóò fi gbà á sí ìkáwọ́. Bàbá tí ó sọ pé òun ti fún ọmọ òun àgbà ní ilé, tí ó sì ń gbé inú rẹ̀ títí ó fi kú, ẹjọ́ ni ó fi sílẹ̀. Ohun tí ó ní àlàáfíà ni kí àgbà di ilé rẹ̀ mú, kí ó gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú iyì, kí ìpín ogún tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ṣe sì tẹ̀lé e.

Ojúṣe ìjọ

Kì í ṣe gbogbo àgbà ni ó ní ọmọ tàbí owó. Abū Yūsuf kọ ọ́ sínú Kitāb al-Kharāj pé nígbà tí Umar ọmọ Khattāb rí arúgbó Júù kan tí ń tọrọ báárà, ó mú un lọ sí ilé rẹ̀, ó fún un ní nǹkan, ó sì ní kí wọ́n máa fún un láti inú àpò ìjọba. Ní Senegal, láti ọdún 2006 ni ètò ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí ó tó 60 ọdún. Ní Ghana, ètò adójútòfò ìlera yọ̀ǹda ẹni tí ó bá tó 70 ọdún kúrò nínú sísan owó àdáwọ́lé.

Mọ́sáláṣí kò gbọdọ̀ dúró de ìjọba. Ìjọ kọ̀ọ̀kan lè kọ orúkọ àwọn àgbà tí kò lè wá sí ìrun Jímọ̀ mọ́, kí àwọn ọ̀dọ́ pín wọn láàárín ara wọn fún ìbẹ̀wò ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Bíríkìlà, kápẹ́ńtà àti oníná tí ó wà nínú ìjọ lè fi ọjọ́ kan lóṣù tún ilé ìwẹ̀ àgbà kan ṣe. Sàráà tí ń bẹ títí ni irin tí ó gba àgbà lọ́wọ́ ìṣubú. Ará ilé kejì tí ó gbọ́ ìró àgbà ní òwúrọ̀ lójoojúmọ́ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ní ọjọ́ tí kò bá gbọ́ ọ, nítorí náà kí ó ní kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́.

Ìkádìí

Bí a bá padà sọ́dọ̀ ìyá oníṣòwò tí a fi bẹ̀rẹ̀, ohun tí ìbá dá a dúró sínú ilé rẹ̀ kò ju yàrá kan nísàlẹ̀, irin kan lára ògiri, iná kékeré kan, àti ẹnìkan tí yóò gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ní ogún ọdún ṣáájú. Ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ kò ní dí ọmọ lọ́wọ́ láti ṣe dáadáa sí i. Yóò jẹ́ kí dáadáa náà rọrùn ni, kí ọmọ lè jókòó tì í láti gbọ́ ìtàn rẹ̀, dípò kí ó máa sá kiri ilé ìwòsàn.

Kí ẹni tí ó tó ogójì ọdún wo ilé rẹ̀ lónìí pẹ̀lú ojú ọgọ́rin ọdún. Kí ẹni tí òbí rẹ̀ wà láàyè lọ wo ilé ìwẹ̀ òbí náà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí alẹ́ àwọn Mùsùlùmí san wọ́n ju òwúrọ̀ lọ, kí Ó fún àwọn òbí ní ìfàyàbalẹ̀ nínú ilé wọn, kí Ó sì fi ikú rere pẹ̀lú ìgbàgbọ́ ṣe ìparí wọn. Àmín.